Okùn Inú Àbàtà

"Bùkọ́lá, ọ̀nà àwọn arúgbó rèé. Bá a bá tún yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i, màá sùn lórí kẹ̀kẹ́."

Morọ́láyọ̀ ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi ni. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ṣọ́ọ̀bù ni, ó ń dán yanran. Tèmi, kẹ̀kẹ́ Ráálè àtijọ́ tí Bàámi ń gùn lọ sí ọ́fíìsì ni. Ọláfúnkẹ́ àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jókòó sórí kéríà lẹ́yìn mi, ó di aṣọ mi mú. Ọdún 1983 ni, ọ̀sán Sátidé kan lóṣù keje, nínú igbó ìjọba tó wà lẹ́yìn ìlú Benin.

Ọ̀nà tí Morọ́láyọ̀ ń bú yẹn, ọ̀nà gidi ni o. Àwọn tó ń ṣọ́ igbó ló là á. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè, kò sí kòtò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ lè gbà á láì ṣubú. Bàámi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú wa débẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló fún mi. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́bàá àbàtà, tó ya wọ àárín àwọn igi ògùrọ̀ lọ sétí omi. N ò gbọ́dọ̀ yà síbẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé o yà," Bàámi wí, "ọjọ́ náà ni wàá padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìlá. Ilé-ìwé Benin parí nìyẹn."

A mọ Bàámi. Bó bá ti lérí, ó ti ṣe é tán.

N ò fẹ́ padà sí Ìlá. Kì í ṣe pé ibẹ̀ burú. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo gbé títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ Yorùbá tí mo ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣejáde mi ku ọdún kan péré, mo sì ti fọkàn sí i pé màá di nọ́ọ̀sì. Fúnkẹ́ ní tirẹ̀, Iyaro, àdúgbò wa ní Benin, ni wọ́n bí i sí. Bí Màámi bá fi Yorùbá pè é, Pidgin ló fi ń dáhùn. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín ni. Kò sẹ́ni tó bá a jókòó kọ́ ọ.

"Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?" Morọ́láyọ̀ tún bi mí. "Lékeléke pọ̀ létí omi yẹn bí òwú. Ká kàn wò wọ́n, ká padà. Ta ló máa sọ fún bàbá ẹ?"

Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, kò sì sóhun tó ń dun ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó kí wọ́n pè é lójo. Mo yà.

Lékeléke wà níbẹ̀ lóòótọ́. A wò wọ́n, a rẹ́rìn-ín, a ju òkò sómi. Nígbà tí a fẹ́ padà, wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Bàámi rì sínú ẹrẹ̀. A tì í, ó tún rì sí i. Èmi àti Morọ́láyọ̀ fà á títí ọwọ́ wa fi bó, kò mira. Ibẹ̀ la wà tí oòrùn fi wọ̀. Nínú igbó, ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú, kí ẹni tí kò mọ̀ mọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ké lọ́tùn-ún lósì, nǹkan kan sì já bọ́ sómi lẹ́yìn wa, gbì. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí í ṣe.

"Bá a bá rí okùn ni, à bá so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ tèmi ká fà á," Morọ́láyọ̀ wí. Ó kọjú sí àbúrò mi. "Funke, find us rope. Even if na climber."

Bẹ́ẹ̀ ni Fúnkẹ́ ṣe ń wá okùn tàbí ìtàkùn kiri. Ọmọ tó fẹ́ràn kí wọ́n rán an níṣẹ́ ni.

Mo gbójú sókè, mo sì rí i. Ó ká jọ sẹ́bàá ewé ògùrọ̀ kan tó ti gbẹ, ó nípọn, ara rẹ̀ rí tótòtó. Ìṣísẹ̀ kan ló wà láàárín òun àti ẹsẹ̀ Fúnkẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan fún yín kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ní Ìlá, bí oòrùn bá ti wọ̀, a kì í pe ohun yẹn lórúkọ. Ìyá àgbà ní bí èèyàn bá pè é, yóò jẹ́ ìpè. Mo dárúkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, n ò tí ì sọ ọ́ tán tí ọwọ́ ìyá àgbà fi dé ẹnu mi. Okùn là ń pè é. Ọmọ Yorùbá tó bá dàgbà lẹ́sẹ̀ àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyí:

"Fúnkẹ́, okùn. Okùn wà lẹ́sẹ̀ ẹ."

Inú rẹ̀ dùn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé inú rẹ̀ dùn.

"Ehen, I don see am," ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún.

Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun náà ti wọ inú ewé lọ. Ojú méjì kéékèèké ló wà lára ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń yọ. Agbára tí a ò rí lo láti ọ̀sán, ìgbà náà la rí i. A fa kẹ̀kẹ́ yọ nínú ẹrẹ̀ láìlókùn.

Mo gbé e sórí kéríà, mo ní kó fi ọwọ́ òsì dì mí mú. Ọ̀nà pẹrẹsẹ tí à ń pè ní ọ̀nà arúgbó lọ́sàn-án wá di ọ̀nà ẹ̀rù. Gbogbo gbòǹgbò tí wíìlì bá gùn, mo rò pé ó ń mira. Mo gbọ́ tí eyín Fúnkẹ́ ń lu ara wọn lẹ́yìn mi. Mo gbàdúrà tí n ò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n ò mọ òpin.

Nígbà tí a dé títì, Morọ́láyọ̀ dúró.

"Má sọ pé ejò o. Bàbá ẹ á mọ ibi tá a lọ. Ó lè jẹ́ èyí tí kò lóró. Sọ pé ṣéènì kẹ̀kẹ́ ló gé e."

Ó lọ sílé wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú àbúrò mi, mo di èjìká rẹ̀ mú. Mo fi èdè tó yé e sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ wò ó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ: "Tell Mummy say na chain. Abeg. If not, Daddy go send me go Ìlá."

Ó wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "I no go talk, Sister."

Màámi ti dé láti ọjà New Benin, níbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì fáwọn télọ̀. Bàámi ti lọ sí ìpàdé ọmọ Ìlá. Màámi fọ ọwọ́ náà, ó fi epo pa á, ó bú mi díẹ̀ pé n ò tọ́jú àbúrò mi dáadáa. Ó gbé oúnjẹ fún wa. Fúnkẹ́ kò jẹ ẹ́.

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ náà ń wú lójú mi. Oríkèé ìka kọ́kọ́ pòórá, lẹ́yìn náà ọrùn ọwọ́, wíwú náà sì ń gun òkè bọ̀ sí ìgbòǹwọ́. Ìka méjì ń dúdú. Mo ní bí aago bá lu mẹ́sàn-án tí wíwú náà kò tí ì dáwọ́ dúró, màá sọ. Aago lu mẹ́sàn-án. Mo ní ó dà bíi pé ó ti ń rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu, tí ohùn Bàámi sọ sí mi lọ́kàn pé ilé-ìwé parí nìyẹn, mo sì pa á dé. Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Èmi sì ń fi ọmọ ìyá mi ṣe ìpamọ́.

Fúnkẹ́ bì. Màámi sáré wọlé, ó gbé fìtílà sún mọ́ ọwọ́ náà.

"Bùkọ́lá, ṣéènì wo ló ń ṣe ọmọ báyìí?"

N kò tí ì dáhùn tí Fúnkẹ́ fi sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti ń yí, òógùn ti bò ó, síbẹ̀ ó gbìyànjú.

"Na chain, Mummy. Na chain."

Ó ń gbà mí là. Ọmọ tó ń kú lọ ló ń gbà mí là lọ́wọ́ ẹgba.

"Ejò ni, Mà," mo wí. "Ejò ló bù ú jẹ nínú àbàtà. Èmi ni mo gbé e lọ síbẹ̀."

Ilẹ̀ ti ṣú, mo pè é lórúkọ, ẹnikẹ́ni kò gbá mi lẹ́nu. Màámi gbé Fúnkẹ́ sí àyà, ó jáde láìwọ bàtà. Bàbá Ẹfosa, aládùúgbò wa tó ń wa takisí, ń jẹun lọ́wọ́. Kò fọwọ́. Ó kàn gbé kọ́kọ́rọ́, kò sì gbọ́wọ́ kúrò lórí họ́ọ̀nù títí a fi dé ọsibítù.

"Láti ìgbà wo?" dókítà bi wá.

Mo sọ fún un. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó sì yára kọjú sí ọwọ́ Fúnkẹ́. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà láàárín yóò yè àti kò ní yè. Lọ́jọ́ kẹrin, Fúnkẹ́ lajú, ó bèèrè omi. Ṣùgbọ́n ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gé wọn. Dókítà sọ fún Bàámi, níṣojú mi, pé ká ní a tètè wá ni, ó ṣeé ṣe kí a má pàdánù wọn.

Mo ń retí ẹgba. Bàámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, pẹ̀lú aṣọ ìpàdé tó ti wọ̀ láti Sátidé.

"Ìlérí tí mo ṣe pé màá dá ọ padà sí Ìlá, ṣé òun ló dí ọ lẹ́nu?"

"Òun ni, Sà."

"Èmi náà lọ́wọ́ nínú ìka méjì yìí nígbà náà," ó wí. Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Àtilọ sí Ìlá kò sí mọ́. Ì bá sàn fún mi kó lé mi lọ.

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ní í sá. Fúnkẹ́ kì í sá fún ekòló. Èmi tí ejò kò bù jẹ ni mò ń sá. Ó fi ọdún kan kọ́ bí a ṣe ń fi ìka mẹ́ta di bírò mú, èmi ni mo sì ń jókòó tì í lálaalẹ́, tí mo ń kọ́ ọ ní Yorùbá pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, mi ò ní sọ pé ẹ ò ní ṣẹ̀. Ẹ ó ṣẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣẹ̀, tí ohun tó le sì tìdí rẹ̀ yọ, ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé ẹni tó ń gbọ́. Bí wọ́n bá nà yín, ojú ẹgba á jinná. Ìka tí wọ́n gé kì í hù.