Fèrè Tó Pẹ́ Lẹ́nu Akínlolú

Ọjọ́ tí Akínlolú kọ́kọ́ bá Ruqoyyah ṣe rẹfirí básíkẹ́ẹ̀tì l'Ádó-Èkìtì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù ú. Ọmọ kan ṣubú lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, Akínlolú yára fọn fèrè, ó ní ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé ló tì í. Bí bọ́ọ̀lù náà ṣe di òfo nìyẹn, tí ẹgbẹ́ tó yẹ kó borí sì fìdí rẹmi. Omi inú ọ̀rá tí èrò ń jù lù ú ń fò lọ́tùn-ún lósì.

Ruqoyyah, ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, dúró tì í títí èrò fi tú ká.

"Kò sẹ́ni tó tì í. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e ṣubú."

"Mo rí i tó ṣubú, mà."

"Ìṣubú lo rí, o ò rí ohun tó ṣáájú. Má kánjú fọn fèrè. Jẹ́ kó parí lójú ẹ ná."

Ó dùn ún, nítorí òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, tí ìdíje bá ti parí, wọ́n á jọ rìn dé ọgbà Fájuyì, wọ́n á jókòó ti ẹ̀pà, wọ́n á máa yẹ àṣìṣe Akínlolú wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó sìn ún délé. Ruqoyyah kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kóòṣì tó ń bú u tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ béèrè rẹ̀. Ìfẹ́ Ruqoyyah sì wọ̀ ọ́ lára, kò lè sọ.

Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ló ń bà á. Kátólíìkì paraku ni màmá, ilé mùsùlùmí ni Ruqoyyah ti wá. "Akín, ùyàwó dà?" ni màmá ń bi í láràárọ̀. Akínlolú á rẹ́rìn-ín, á jáde.

"Akín mi," Ruqoyyah sọ lọ́jọ́ kan, "bàbá mi ní kí ẹni tó ń sìn mí wálé wá kí àwọn."

"Màá wá. Jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná."

Ó wò ó títí ọdún fi yípo, ọdún tún yípo. Ẹni tó bá farabalẹ̀ á rí ìfun eèrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin kì í ṣe eèrà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní Fájuyì, Ruqoyyah ò jókòó.

"Mutallib ti wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n ti gbà. Èmi náà ti gbà."

Akínlolú dìde. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ruqoyyah."

"Mo mọ̀. Mo dúró kó o sọ ọ́ títí ó fi sú mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ní kó o má kánjú, Akín. Mi ò ní kó o má fọn ọ́n rárá."

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Akínlolú fẹsẹ̀ rìn délé. Gbogbo ìgboro kún fún èrò, síbẹ̀ ó ń ṣe é bíi pé òun nìkan ló kù l'Ádó.

Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Akín, Ruqoyyah ọmọ Sàlámì tí wọ́n ń rí mọ́ ọ ní Fájuyì, kí ló dé tí o ò mú un wá ulé rí? Mo ti bi Fáda, wọ́n ní kò burú. Mo ti ń retí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá."

Akínlolú jókòó tì í, ó ń bá a ṣa ẹ̀wà.