Ipa Táyà Lẹ́nu Ọ̀nà

Igbe ọkọ̀ náà ni ọmọbìnrin mẹkáníìkì kan kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ẹni tó ń wà á. Jíìpù funfun ti ilé ìwòsàn ni. Ó ń yí wọ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, táyà ń han lórí ilẹ̀ gbígbẹ, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà tí kò fẹ́ lọ. Ọmọbìnrin náà jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe, ó fẹ́ bú awakọ̀ náà dáadáa. Àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, tí ọ̀dọ́kùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, eruku orí òkè kún ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ̀bi. Èébú bá gbẹ mọ́ ọmọbìnrin wa lẹ́nu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí n béèrè Elétí-Mẹ́rin."

"Ẹ ti rí i."

"Háà! Mo rò pé bàbá arúgbó kan ni."

"Ṣé kí n lọ wá irùngbọ̀n wá ni?"

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn o. Elétí-Mẹ́rin ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ọkọ̀ tó máa sunkún kó má gbọ́ ibi tó ń dùn ún. Bàbá rẹ̀ tó ni ilé iṣẹ́ náà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: di ojú ẹ, fetí sí ọkọ̀.

Elétí-Mẹ́rin wọnú ọkọ̀ jókòó ti awakọ̀, ó dijú, wọ́n wà á yí po lẹ́ẹ̀kan. "Tiránsífà ni," ó wí. Àpótí irin abẹ́ ọkọ̀ ni tiránsífà, òun ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ gun òkè ẹlẹ́rẹ̀, awakọ̀ á fa ọ̀pá kékeré kan kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ máa ṣiṣẹ́. Tó bá padà sí títì, á dá ọ̀pá náà padà. Ti ọkùnrin yìí ti há, kò padà mọ́. Elétí-Mẹ́rin tú u, ó pààrọ̀ ṣéènì inú rẹ̀. Awakọ̀ jókòó tì í títí, ó ń sọ ti àwọn abúlé orí òkè fún un, àti ti àwọn aláboyún tó ń gbé sọ̀ kalẹ̀ wá sílé ìwòsàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, jíìpù tún dé. Àìsàn kan náà. Ó tún tú u, kò rí nǹkan kan, ó tò ó padà, ọ̀pá sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù iṣẹ́ náà bà á, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn pé awakọ̀ náà padà wá, kí n má parọ́ fún yín.

Ìgbà kẹta, wọn kì í ṣe àlejò ara wọn mọ́.

"O tún ti dé."

"Ọkọ̀ ló mú mi wá o. Èmi ò bá a sọ nǹkan kan."

"Kó má lọ jẹ́ pé ìwọ lò ń bẹ̀ ẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Tó bá ti há báyìí, inú mi máa ń dùn. Ojú ẹ ni mo máa ń rò."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni bàbá gbọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó yọ sí wọn lójijì.

"Mo ti mọ̀! Ìwọ lò ń bà á jẹ́ kó o lè máa wá wo ọmọ mi. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn! Irú ẹ kọ́ ni màá fọmọ fún. Má gbé e wá síbí mọ́."

Awakọ̀ náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ bàbá. Elétí-Mẹ́rin ló wò. "Ṣé ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?"

Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe ọkùnrin yìí, a jẹ́ pé etí tí gbogbo ayé ń yìn ló kùnà nìyẹn. Ó dákẹ́. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Jíìpù yí padà nínú ẹrẹ̀, ó sì lọ.

Oṣù kan kọjá. Ẹrẹ̀ gbẹ, ipa táyà jíìpù náà sì le gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Elétí-Mẹ́rin kó táyà ògbólógbòó yí i ká kí ẹnikẹ́ni má gbá a, kí ọkọ̀ kankan má sì gùn ún. Bí ọkọ̀ kan bá dún ní kọ́nà, á dijú, á fetí sílẹ̀. Kì í ṣe òun. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àárò ọkùnrin náà ń sọ ọ́ débi pé ó máa ń lọ dúró ti ipa táyà yẹn láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Níbi tí jíìpù ti yí, ipa táyà iwájú àti tẹ̀yìn ya ara wọn sọ́tọ̀. Ti iwájú ní eyín ketekete. Ti ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dán.

"Yéè! Mo gbé!"

Táyà tuntun wà níwájú, èyí tó ti jẹ wà lẹ́yìn. Èyí tó jẹ ti kéré sí tuntun, tí wọ́n bá sì so wọ́n pọ̀ gun òkè, wọ́n á máa bá ara wọn jà nínú tiránsífà títí ọ̀pá á fi há. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tú àpótí yẹn, kò fojú wo táyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

"Bàbá, kì í ṣe òun. Àwa ni."

Bàbá wo ipa náà pẹ́. "Mú okùn dání. Ká lọ."

Wọ́n bá awakọ̀ níbi tó ti ń fọ jíìpù lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ó kí bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Elétí-Mẹ́rin fi okùn wọn táyà iwájú yípo, ó ta á ní kókó, ó gbé e lọ sẹ́yìn. Okùn fi ìka mẹ́ta gùn jù.

"Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ tiwájú?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ. Méjì péré ni wọ́n fún mi."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Elétí-Mẹ́rin. "Mo mọ̀ pé o ò lè ṣe é, mo sì dákẹ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo kùnà. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Àárò ẹ ti fẹ́ pa mí."

Bàbá wúkọ́, ó wojú ọ̀run bí ẹni ń wá òjò. "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa dijú," ó wí. "Má bínú, ọmọ mi. Mo fẹ̀sùn tí ò jóòótọ́ kàn ẹ́."

"Ó ti tán, sà." Awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo Elétí-Mẹ́rin, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù. Tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, ọkọ̀ yìí ò ní ṣàìsàn mọ́. Kí ni màá wá sọ pé mo bá wá sọ́dọ̀ yín?"

"Fẹsẹ̀ rìn wá," ni bàbá dáhùn. "Kó o mú ìyá ẹ dání."

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé. Elétí-Mẹ́rin ti wẹ̀, ó ti fi ọṣẹ bó gírísì kúrò léèékánná, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo ohun tí ìfẹ́ ń fojú ọmọ ènìyàn rí! Ó gbàgbé pé bàbá ní kí ọkùnrin náà fẹsẹ̀ rìn wá, ó dijú, ó ń retí ìró jíìpù. Ọkọ̀ kan kọjá. Òmíràn kọjá. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Elétí-Mẹ́rin," ohùn kan wí nítòsí, jẹ́jẹ́, "ìgbà wo lo máa lajú?"

Awakọ̀ náà dúró síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa táyà, eruku kún bàtà rẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Mo ti là á," Elétí-Mẹ́rin wí, ó sì dìde lọ bá wọn.