Pọ́ǹpù Inú-Ọ̀rá

Àárín òkè ni jíìpù náà kú sí, aboyún sì ń rọbí lẹ́yìn rẹ̀. Agbẹ̀bí tó ń wà á yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún un yí, kò tiẹ̀ wúkọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ epo kún táǹkì dẹ́nu! Àná gan-an ni mẹkáníìkì pààrọ̀ pọ́ǹpù epo rẹ̀, ó yọ tuntun nínú ọ̀rá níṣojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni aboyún bí sí. Ìwọ́ ti wé mọ́ ọmọ lọ́rùn, àwọn tó lè gbà á là sì wà ní ọsibítù lẹ́yìn òkè. Ọmọ náà ò ké.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé agbẹ̀bí ò ra epo sọ́kọ̀. Ìyá ọmọ ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ló máa dá a lẹ́bi? Ó ní láyé òun, òun ò ní í wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Àwọn aboyún yòókù gbọ́, ni wọ́n bá ń fẹsẹ̀ gun òkè lọ sí ọsibítù, wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á jókòó sí etí ọ̀nà.

Agbẹ̀bí ò sunkún. Inú rẹ̀ ti kú. Ó ń jẹun láìmọ adùn rẹ̀, ó ń fọ aṣọ tó ti mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kàn dìde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ó gbóòórùn rẹ̀. Epo ń rùn nínú ọ́ìlì. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ti kọ́ ọ pé bí awọ inú pọ́ǹpù bá ya, epo ò ní í gòkè mọ́, inú ọ́ìlì ni yóò máa dà sí. Ó tú pọ́ǹpù náà, ó fi èékánná họ ọ́. Ọ̀dà fàdákà ṣí kúrò, ìpata yọjú. Awọ inú rẹ̀ ti ya bí àkísà.

Ó gbé e lọ bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́, torí kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ta ló tà á fún yín, Màmá?"

"Inú-Ọ̀rá ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ ilé epo ló máa ń wà."

"Kí ló ṣe ọkọ̀ yín tẹ́lẹ̀?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Mo dúró ra epo, ó ní kóun bá mi wo ẹ́ńjìnì, pé ọ̀fẹ́ ni. Mi ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí mo ṣe wẹ̀yìn, òun náà ló ń bọ̀ lórí alùpùpù. Ó ní pọ́ǹpù mi ti bàjẹ́, pé tuntun wà lọ́wọ́ òun."

"Ó tú rọ́bà epo sílẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ lọkọ̀ ń fà dípò epo. Pọ́ǹpù yín tó dáa ló yọ lọ tà, ó fi òkú dípò rẹ̀."

"Mo ti mọ̀," agbẹ̀bí ní, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀.

Wọ́n bá Inú-Ọ̀rá ní ilé epo kejì, abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló dùbúlẹ̀ sí. Ó rí bàtà ọlọ́pàá láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ó yọ́ gba òdìkejì, ó fo ògiri, ó na pápá bora. Apá ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́. Ó fá irùngbọ̀n, ó tún lọ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Olè kì í sinmi, àfi bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Agbẹ̀bí ló ní kí wọ́n yé lọ sí ilé epo. "Ibi tọ́kọ̀ ti ń wúkọ́ ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ó di dandan kó wá síbẹ̀." Wọ́n lúgọ sí kọ́nà tó wà níwájú ilé epo tó kàn. Ọkọ̀ kan wúkọ́ dé, ó kú. Kò pẹ́, alùpùpù tẹ̀ lé e, Inú-Ọ̀rá lórí rẹ̀, àpò lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu. Wọ́n gbá a mú.

"Mi ò rí màmá yìí rí láyé mi," ló wí ní àgọ́. "Jíìpù wo? Ọ̀gá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣé èèyàn ò gbọ́dọ̀ ran ẹni tọ́kọ̀ ẹ̀ kú lọ́wọ́ ni?"

Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ mú un jáde sí àgbàlá. Wọ́n ti fa jíìpù náà wá, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní pípadé. Ìyá ọmọ tí wọ́n pè wá jẹ́rìí fara ti ògiri, kò wo agbẹ̀bí lójú.

"Ṣé mẹkáníìkì ni ẹ́ lóòótọ́?"

"Ògbóǹtarìgì!"

"Epo ò dé ẹ́ńjìnì eléyìí. Níbo ni pọ́ǹpù ẹ̀ wà?"

Inú-Ọ̀rá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn nìkan? Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, lápá òsì. Bóòtù méjì ló dè é."

Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ mi orí. "Irú jíìpù yìí, inú táǹkì lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni pọ́ǹpù rẹ̀ máa ń wà. Kò sí mẹkáníìkì tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ màmá ló fi ẹ́ńjìnì àtijọ́ sínú tiwọn, èyí tó gbé pọ́ǹpù dání lẹ́gbẹ̀ẹ́. A ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìwọ tó ò rí i rí, ta ló sọ fún ẹ?"

Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. Inú-Ọ̀rá wo ilẹ̀kùn àgbàlá, ọlọ́pàá méjì ló dúró síbẹ̀. Ó jẹ́wọ́. Orí àkìtàn ló ti ń ṣa òkú pọ́ǹpù. Á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, á kùn ún lọ́dà, á fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu ọ̀rá pa.

"Mi ò mọ̀ pé aboyún ni wọ́n ń gbé. Màmá, ẹ ṣàánú mi, ẹ foríjì mí."

Agbẹ̀bí sún mọ́ ọn. "Mo wá inú tí n bá fi bínú sí ẹ, mi ò rí i. Ibo ni kí n ti wá rí èyí tí n ó fi dárí jì ẹ́?"

Ìyá ọmọ kúrò lára ògiri. Inú-Ọ̀rá ló kọjú sí. "Ṣé epo wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà?"

"Ó wà. Ojú mi ni wọ́n ṣe rà á."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n mú Inú-Ọ̀rá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. "Mo ti ba orúkọ yín jẹ́ káàkiri, Màmá," ìyá ọmọ sọ fún agbẹ̀bí. "Ẹ ò sì dá mi lóhùn."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ ẹ ló kú."

Agbẹ̀bí fi pọ́ǹpù tó dáa sí jíìpù náà fúnra rẹ̀, ó de rọ́bà epo le, ó tan ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì dáhùn. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ìyá ọmọ ló wọlé, ó jókòó tì í.

"Àbúrò mi fẹ́ fẹsẹ̀ gun òkè lọ́la, oṣù ẹ̀ ti pé. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún un pé kó má wulẹ̀ rìn, ẹ̀yin lẹ máa gbé e."

Agbẹ̀bí la ẹnu kó dáhùn, ẹkún ló jáde. Ìyá ọmọ dúró dè é títí tó fi sun ún tẹ́rùn, kí wọ́n tó máa lọ.