Ojú Tó Wo Kámẹ́rà

Ọ̀sán gangan ni wọ́n bá olùdarí fíìmù ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ọrùn ti yẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́. Kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ojú-Àwòdì tó dé, wọ́n ti dá ẹjọ́. Wọ́n ti lọ fa àgbà òṣèré, ọ̀rẹ́ òkú láti kékeré, wá láti ilé. Wọ́n lóun ló tì í.

"Ọmú kan náà lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ mu, ọ̀gá," ni oníkámẹ́rà, àbúrò òkú, wí, ó ń nu ojú. "Mò ń dán kámẹ́rà wò ni. Ẹ wo ohun tó ká."

Nínú àwòrán náà, àgbà òṣèré yọ lókè àtẹ̀gùn, ó ga fíofío, ó na ìka, ẹnu rẹ̀ là fún ariwo. Kò sí ohùn. Lójijì, ojú olùdarí fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú ẹ̀rọ tán, ògiri díẹ̀ ló hàn lẹ́yìn rẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó parí.

Ojú-Àwòdì tẹjú mọ́ ọn. Ó tún un wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí afurasí: ọkùnrin náà kò ga ju èjìká òun lọ.

"Báwo ló ṣe di òmìrán?"

"Mo lóṣòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn gíláàsì, ọ̀gá," ni oníkámẹ́rà dáhùn. " Ẹni tá a bá ti ìsàlẹ̀ yà máa ń tóbi. Gíláàsì náà ni kò sì jẹ́ kí ohùn wọlé."

"Mo pariwo lóòótọ́," ni àgbà òṣèré wí. "Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti lọ."

"Èmi ni mo ṣí géètì fún wọn," ni baba ẹ̀ṣọ́ wí.

"Ẹ má dá baba yìí lóhùn. Oorun ló ń sùn!" ni oníkámẹ́rà ké.

"Mò ń sùn, mo tún ń ṣí géètì? Iṣẹ́ méjì, wọ́n á fowó kún owó mi nìyẹn!"

Ojú-Àwòdì ò rẹ́rìn-ín. Ó dá àwòrán dúró lórí ojú òkú. "Kí ni olùdarí yín kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe?"

"Kéèyàn wo ojú kámẹ́rà," ni àgbà òṣèré dáhùn. "Ọgbọ̀n ọdún ló fi bú wa lórí ẹ̀."

"Ẹ wò ó. Ojú kámẹ́rà gan-an ló ń wò. Ẹni tó ń bà á lẹ́rù ló gbé e dání." Ojú-Àwòdì nàka sí ògiri inú àwòrán. "Nígbà ìjà, òjìji irin àtẹ̀gùn gùn lára ògiri, àárọ̀ ni. Níbi ojú òkú yìí, ó ti kúrú, ọ̀sán ni. Oníkámẹ́rà, o mú ìbínú àárọ̀, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rù ọ̀sán, o ní ká fojú wa so wọ́n pọ̀."

Oníkámẹ́rà fẹ̀yìn ti ògiri. Omijé rẹ̀ ti gbẹ. "Ó ti gba oníkámẹ́rà mìíràn! Ó fẹ́ lé mi dànù, èmi tí mo fi ogún ọdún sìn ín. Ọwọ́ kan péré ni mo fi tì í."

Àgbà òṣèré dìde, ó rọra sọ̀rọ̀. "Ìwọ ló fẹ́ fi ìdarí fíìmù tuntun lé lọ́wọ́. Ìdí tó fi wá oníkámẹ́rà mìíràn nìyẹn. Mo ní o ò tíì tó o. Ohun tí mò ń pariwo lé lórí nìyẹn."

Ojú-Àwòdì tún àwòrán ìkẹyìn náà wò, àwòrán náà kò mì rárá. Ọwọ́ tó gbé kámẹ́rà dúró ṣinṣin títí ojú ẹ̀gbọ́n fi kúrò níbẹ̀.

Ó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.