Afòpiná Nílé Alágbàfọ̀

Ọ̀sán gangan ni àwọn afòpiná ńláńlá bo ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lórí okùn, ṣẹ́ẹ̀tì tí ọmọbìnrin alágbàfọ̀ kò tíì fọ̀. Ó ti na ìgbálẹ̀ sókè nígbà tí ọkùnrin kan sáré wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù wọ́n! Èmi ni mo ni ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Mò ń sin afòpiná. Abo kan bà lé mi léjìká lánàá, òórùn rẹ̀ làwọn akọ yìí gbọ́ látọ̀nà jíjìn."

"Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ níbẹ̀?"

"Wọn ò lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ni wọ́n ti jẹ ewé yó. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù fún wọn láyé, aya ni wọ́n sì ń fi wá."

"Ẹ̀yin ṣáà lẹ́nu o," ni ọmọbìnrin náà fi ṣe yẹ̀yẹ́.

 Láti ọjọ́ náà, aṣọ ọkùnrin náà ń dọ̀tí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn dé góńgó.

Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra, alágbàfọ̀ tó bí ọmọbìnrin náà fárígá. "Afòpiná tí ń jẹ aṣọ! Ṣé ológbò ni n ó ní kó wá bá mi ṣọ́ ẹja?"

"Bàbá, àwọn tó ń sìn ò lẹ́nu," ni ọmọ rẹ̀ ń sunkún sọ.

Bàbá gbé ẹ̀wù funfun tó fi gbéyàwó jáde, ó jù ú sí ọkùnrin náà. "Fi í sọ́dọ̀ wọn fọ́jọ́ méje. Bí mo bá rí ihò kan, má dé ibí mọ́."

Nígbà tí ọjọ́ pé, Bàbá gbé ẹ̀wù náà sóòrùn, ó yẹ apá wò, ó yẹ ìdí wò.  Nígbà tó kan ọrùn, Bàbá dúró.

"Kí nìyí?"

"Ẹyin ni, sà," ni ọkùnrin náà fi ohùn kékeré dáhùn. "Ìyá wọn yé wọn síbẹ̀, ó sì kú láàárọ̀ yìí."

Ọmọbìnrin náà sáré gbé omi ọṣẹ wá. Bàbá fa ẹ̀wù náà mọ́ àyà.

"Gbé e kúrò! Ta ní ń fọ ọmọ ọlọ́mọ dànù?" Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń pa?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Kí àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ ọmọ mi lọ́jọ́ kọkànlá. Mi ò lè gbàlejò méjì pọ̀."