Àtàǹpàkò Kan, Máàkì Méjì

Gbogbo wa la ní àtàǹpàkò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi í di àlùmọ́gàjí mú láti àárọ̀ dalẹ́ ló mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Aránṣọ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń ro ó.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú oríkèé náà. Dókítà tó ka àwòrán náà kọ máàkì mẹ́ta: egungun rírọ̀ inú oríkèé ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí máàkì yìí bá ṣe ga tó ni jíjẹ náà ṣe pọ̀ tó. Lọ́dún yìí, wọ́n tún un yà nílé ìwòsàn mìíràn. Márùn-ún!

Ó délé, ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ó parí. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa rà á, kí ọwọ́ yìí tó rọ."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ọwọ́ tó gé ṣòkòtò mẹ́ta láàárọ̀ yìí lo ń sìnkú rẹ̀?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá ìwé dókítà jiyàn ni?"

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀, rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán tèsí dà?"

"Ìwé máàkì ni mo tọ́jú. Àwòrán yẹn le dáadáa, mo ti fi gé pátánì kọ́là."

"Háà! Ẹ fi oríkèé yín gé kọ́là! Ó dáa, ẹ gbọ́. Bí ọmọṣẹ́ yín kan bá wọn ìbàdí oníbàárà ní ọgbọ̀n, tí èkejì wọ̀n ọ́n ní méjìlélọ́gbọ̀n, ṣé ìbàdí ló tóbi?"

"Rárá o, ọwọ́ wọn ni ò dọ́gba. Èmi fúnra mi ni màá tún un wọ̀n."

"Bí máàkì yìí ṣe rí nìyẹn. Ojú dókítà méjì ló wò ó, ẹnikẹ́ni ò sì gbé àwòrán méjèèjì síra."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá aránṣọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn àkọ́kọ́. "Ẹ ṣì ní àwòrán mi ti èsí nínú kọ̀ǹpútà. Mi ò kúrò níbí láìgbà á." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ kí wọ́n tó fún un.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Dókítà méjì ka àwòrán méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n wá fi èsì wọn wéra. Egungun rírọ̀ náà ò yàtọ̀ sí tèsí. Wíwú inú oríkèé ló pọ̀ sí i díẹ̀. Wọ́n fún un ní àmúró tí wọ́n ń wọ̀ sí àtàǹpàkò, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa sinmi ọwọ́. Ẹ̀rọ kúrò lọ́jà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má fi máàkì tí dókítà kan kọ wé èyí tí dókítà mìíràn kọ. Ẹ tọ́jú àwòrán, kì í ṣe ìwé nìkan. Ẹ ní kí ojú kan náà wo ti àtijọ́ àti tuntun pọ̀, kí ojú kejì sì tún un wò. Ẹ sọ bí ọwọ́ ṣe ń ro yín àti iṣẹ́ tó ṣì lè ṣe. Kí ẹ tó ṣe ohun tí kò ṣeé dá padà, ẹ béèrè: "Ta ló kà á, kí ló fi wé?"