Ọjọ́ Tí Kẹ̀kẹ́ Dákẹ́

Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, kò sì sóhun tó wù ú tó pé kó jẹ́ irọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ń fi kẹ̀kẹ́ díje, méjì ló sì ní. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọwọ́ àti ìdí ló ń mọ ìyàtọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrẹ̀ wà fún ìdíje wákàtí kan péré nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ó kúrú, ó ga nílẹ̀, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Kí o tó rò pé o fẹ́ yà, ó ti yà. Kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn gùn, ó rẹlẹ̀, táyà rẹ̀ fẹ̀. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, jẹ́ẹ́ ló máa ń lọ, kódà tó bá ti rẹ ẹni tó ń wà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò fẹ́ rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn ṣì wà ní títú palẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ti ṣèlérí pé òun á parí ẹ̀. Kò parí ẹ̀.

"Gbé ti ẹrẹ̀," ó ní. "Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ni?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ìyẹn ò ní jẹ́ kí n sinmi o."

Ó lọ. Kò padà. Wọn ò rí i, wọn ò rí kẹ̀kẹ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbọ́n to èyí tó kù pọ̀, ó gùn ún jáde lọ́sàn-án gangan. Kẹ̀kẹ́ náà ń ta gìrì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bíi ti ẹrẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ń yẹ kòtò sílẹ̀ lórí títì tí kò ní kòtò. Ó fi tẹ́ẹ̀pù wọ̀n ọ́n látòkèdélẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà.

Ìyàwó àbúrò náà gùn ún dé oríta. Ẹkún ló gbé bọ̀, tòun tẹ̀rín.

"Òun ni, Bọ̀dá. Ó ṣì ń wà á níbìkan."

"Ìyàwó wa..."

"Ẹ má tún un ṣe o. Ẹ jọ̀ọ́."

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń gùn ún. Obìnrin náà á dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù.

"Ó ń jà?"

"Ó ń jà."

Ohun tí kò sọ fún un ni pé ìjà náà ń wúwo, ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Ọwọ́ ẹni tó ti rẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń bẹ irin náà lójú ọ̀nà pé, "Má sùn. Èmi ni mo jẹ̀bi. Má sùn."

Lọ́jọ́bọ̀ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ìwé, kẹ̀kẹ́ náà yà fìrì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Táyà fífẹ̀ ń yí jẹ́ẹ́, bó ṣe yẹ kó máa yí gan-an. Ẹ̀gbọ́n mì í. Ó mọ̀ọ́mọ̀ wọ kòtò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló gbé e kọjá. Ó bú sẹ́kún lójú títì.

Obìnrin náà wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. "Ó ń jà, Bọ̀dá?"

Ó fẹ́ purọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó na kẹ̀kẹ́ náà sí i. Obìnrin náà gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gùn ún lọ sí oríta.

Nígbà tó ń gùn ún bọ̀, ó ti káwọ́ méjèèjì lérí. Kò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ rárá. Kẹ̀kẹ́ náà ń bọ̀ tààrà, kò sì yẹ̀.